Àwọ̀ Omi Tíì

Nílé àyẹ̀wò wa ní Tezpur, n kì í rí ojú ènìyàn.
Ẹran ara ni mò ń rí, tó kéré ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ,
nínú ìda funfun, nínú àpótí ike,
nọ́ńbà lórí rẹ̀ bí ẹrù ọkọ̀ ojú irin.
Mo máa ń rẹ́ ẹ títí yóò fi fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ,
kí n tó tẹ́ ẹ sórí gíláàsì,
kí n tó kán oògùn tó ń wá purotéènì kiri lé e lórí
bí ajá ọdẹ ṣe ń wá ẹtu.
Níbi tó bá ti bá a, ibẹ̀ á pọ́n
bí omi tíì tí a kò bu mílíìkì sí.
Níbi tí kò bá ti bá a,
búlúù ni yóò wà, bí ojú ọ̀run ìyálẹ̀ta.

Ìyá mi rò pé ẹni tí tirẹ̀ bá pọ́n ló máa kú.
Mo ní, Màá, kò rí bẹ́ẹ̀.
Purotéènì kan wà, bó bá pọ́n, inú dókítà á dùn:
jẹjẹrẹ yẹn a máa gbọ́ ti ìtọ́jú.
Òmíràn wà, bó bá pọ́n, dókítà á bọ́ awò ojú rẹ̀,
á máa nù ún, bẹ́ẹ̀ ni kò dọ̀tí.
Àwọ̀ kan náà.
Ìyá mi ní, "Ẹ̀yin alákọ̀wé yìí, ẹ kò mọ nǹkan kan."
Ó ká ewé, ó fi ẹfun sí i, ó ju támúlù sẹ́nu:
ó jọ obì, kì í ṣe obì.
Mo wo ẹnu rẹ̀ tó pupa. N kò sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, òjò ń rọ̀, nọ́ńbà kan wọlé tòun torúkọ;
ẹni tó kọ ọ́ gbàgbé pé a kì í kọ orúkọ.
Dimbeswar Pegu, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, ìdí ahọ́n.
Ọlọ́kọ̀ ojú omi!
Ohùn rẹ̀ ló ń jí wa ní kékeré,
tó bá ké láti etí Brahmaputra pé ó ku ẹni méjì, ó ku ẹnì kan,
ẹni tó ń fọ eyín á sáré jáde tòun ti ọṣẹ lẹ́nu.

Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run:
lẹ́tà kan péré ló là wọ́n láàárín.

Mo kun gíláàsì àkọ́kọ́. Mo ń bẹ̀ ẹ́: pọ́n.
Búlúù.
Mo kun ìkejì. Mo ń bẹ̀ ẹ́: má pọ́n, jọ̀ọ́, má pọ́n.
Ó pọ́n bí ìsàlẹ̀ ìkòkò tíì.
Mo ka sẹ́ẹ̀lì tó ń pín ara rẹ̀, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta,
bóyá ojú ló ń tàn mí:
nínú ọgọ́rùn-ún, méjìléláàádọ́rin.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n;
ìyẹn ló ṣì ń dùn mí.

Ìwé sọ pé, irú ẹni báyìí, nínú mẹ́wàá,
bí mẹ́fà ni kì í rí ọdún karùn-ún.
Ta ni mẹ́fà? Ta ni mẹ́rin?
Ìwé kò sọ ibi tí ọlọ́kọ̀ jókòó sí.

Wọ́n gé e. Wọ́n fi iná tí ojú kò rí jó ọrùn rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méje.
Òjò lọ, òjò dé.
Láàárọ̀ àná mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí èbúté.
Ọkọ̀ wà níbẹ̀. Òun náà wà níbẹ̀,
ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín bíi ti ẹyẹ àkọ̀,
ó fi gamosa funfun olétí pupa wé e.
Kò ké mọ́. Agolo bísíkíìtì ló ń fi ṣíbí lù,
kẹ́n, kẹ́n, kẹ́n,
àwọn èrò ń sáré, obìnrin kan ń ráhùn pé ariwo náà ti pọ̀ jù.

Ó rí mi. Bóyá ó mọ ohun tí mo mọ̀, n kò lè sọ.
Ó gbé ìka sókè, ó gbójú sókè: mélòó?
Èrò ló ń kà.
Gbogbo nọ́ńbà tí mo ti kọ rí gun orí ahọ́n mi.
Mo ní, "Ẹnì kan, bàbá."
Ó gba owó, ó wo omi, ó tún lu agolo.